Lẹ́tà Tí Ọ̀gá Kò Kà

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, gbogbo ilé ni wọ́n bẹ̀ pé kó dákẹ́. Ọkùnrin tó ń tún fíríìjì ṣe ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé pa gbogbo èyí tó ń dán wò, ó sì ní kí àwọn oníbàárà rẹ̀ padà wá tí oòrùn bá rọlẹ̀. Ìyá rẹ̀, arúgbó tí ikọ́ kì í jìnnà sí, gbé omi gbígbóná sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó ń mu ún díẹ̀díẹ̀ kí ọ̀fun má baà yún un. Aránṣọ tó ń gbé lókè ilé ṣèlérí pé ọwọ́ lòun máa fi rán etí aṣọ títí wọ́n á fi parí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe.

Ìyàwó atúnfíríìjìṣe ni wọ́n tìtorí rẹ̀ dákẹ́. Dókítà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àwọn tó bá fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ á ní Dókítà Kòkòrò, nítorí kòkòrò tó ń jẹ ọkà nínú àpò ló kàwé lé lórí títí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ó gba oyè náà tán, ó jókòó sílé. Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa jẹ, báyìí ló ń rí fún ọ̀pọ̀ wọn. Ẹni tó bá kàwé dé ìparí, wọ́n á sọ fún un pé ìparí kọ́ nìyẹn, pé ó tún gbọ́dọ̀ wá ọ̀jọ̀gbọ́n kan rí ní yunifásítì kan tó máa gbà á sábẹ́, kó bá a ṣe ìwádìí fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni tó lè fún un níṣẹ́ gidi. Ọ̀jọ̀gbọ́n tuntun kò sì ní gbà á àfi tí ọ̀jọ̀gbọ́n àtijọ́ bá kọ lẹ́tà jẹ́rìí rẹ̀. Àwọn tó ń kọ̀wé sí ọ̀jọ̀gbọ́n káàkiri ayé, tí wọn kò rí ẹni dá wọn lóhùn, wọn ò níye. Ohun tó ń bíni nínú ni pé ojú kò ti ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ẹnìkan ti dá Dókítà lóhùn. Obìnrin ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní yunifásítì kan lókè òkun kọ̀wé sí i pé òun ní àyè fún ẹnìkan ṣoṣo, pé òun fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú lórí kọ̀ǹpútà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìdí tí ilé fi dákẹ́ nìyẹn.

Búrẹ́dì àti tíì ni wọ́n jẹ láàárọ̀. Dókítà mu tíì, kò fọwọ́ kan búrẹ́dì.

"Ìyàwó mi, jẹun," ni ìyá ọkọ rẹ̀ wí. "Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́."

"Màmá, ó máa wọlé tó bá yá."

"Tó bá yá kọ́. Ojú rẹ ti wọnú. Ẹni tó fẹ́ wá ọ̀gá kì í gbé ojú ebi lọ síwájú rẹ̀."

Atúnfíríìjìṣe rẹ́rìn-ín. Ó ní ojú ebi kì í hàn lórí kọ̀ǹpútà. Ìyá rẹ̀ bi í léèrè bóyá òun ló ni ojú tí kọ̀ǹpútà fi ń ríran. Wọ́n ṣe àwàdà yẹn díẹ̀, ó sì yí padà di ìjà láìpẹ́, nítorí obìnrin kan tó ń ta ẹja inú yìnyín dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kí wọ́n fún òun ní fíríìjì òun bó ti wù kó rí, pé ẹja òun ti ń yọ́. Ọkùnrin náà jáde lọ bẹ̀ ẹ́. Obìnrin ẹlẹ́ja kò gbẹ̀bẹ̀. Ó ní ilé tí wọ́n ti ń pa iṣẹ́ tì nítorí kí obìnrin lè sọ̀rọ̀, òun kò gbọ́ irú ẹ̀ rí, ó sì gbé fíríìjì rẹ̀ lọ fún ẹlòmíràn.

"Ó lọ nìyẹn," ni ọkùnrin náà wí nígbà tó wọlé.

"Mo sọ fún ẹ kí o ṣe tiẹ̀ lánàá," ni ìyá rẹ̀ dáhùn.

"Àná ńkọ́? Ṣé àná kọ́ ni ẹ ní kí n lọ ra oògùn ikọ́ wá?"

"Ó dáa, ikọ́ mi ló lé oníbàárà lọ."

Dókítà ń gbọ́ wọn láti yàrá. Ó mọ̀ pé nítorí òun ni, wọ́n náà mọ̀ pé ó mọ̀, ẹnì kankan kò sì sọ ọ́. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo aṣọ tí ó kọ́ sára ògiri kí ẹni tí wọ́n jọ máa sọ̀rọ̀ má baà rí ibi tí ọ̀dà ti bó. Ó ti pẹ́ tó ti ń rí i pé bí wọ́n bá ṣe ń ran òun lọ́wọ́ tó nínú ilé yìí náà ni òun ṣe ń dá wà tó.

Nígbà tó jáde lọ pọn omi, aránṣọ ti jókòó sórí àtẹ̀gùn, aṣọ lórí itan.

"Dókítà, ẹ kú ìmúra o. Ṣé tòní náà ni ìwé tó máa tán?"

"Ìwé ti tán o. Ọ̀gá ni mò ń wá."

"Ọ̀gá kẹ̀? Àwa tiwa, téèyàn bá kọ́ṣẹ́ tán, ọ̀gá á ní kó máa lọ. Ẹ̀yin, ẹ kọ́ṣẹ́ tán, ẹ tún ń wá ọ̀gá mìíràn kiri. Ṣé iṣẹ́ ni àbí ẹ̀wọ̀n?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ má bínú. Mo ń gbàdúrà fún yín. Àwọn ará ibí kàn ń sọ pé tí ẹ bá lọ tán, ta ni yóò máa bá Màmá se oúnjẹ."

Dókítà dúpẹ́ fún àdúrà, ó sì gbé omi rẹ̀ wọlé.

Nígbà tí àkókò tó, ó ti ilẹ̀kùn yàrá. Obìnrin tó yọ lójú kọ̀ǹpútà náà ti hewú, ojú rẹ̀ kò le. Ó kí Dókítà, ó béèrè àlàáfíà ilé, ó sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀.

"Ẹ sọ ti fíríìjì tí mo kà nípa rẹ̀ nínú ìwé ìwádìí yín fún mi. Ó dùn mọ́ mi gan-an."

Dókítà sọ ọ́, ohùn rẹ̀ sì yàtọ̀ bó ti ń sọ ọ́. Kòkòrò ọkà máa ń yé ẹyin sínú hóró. Ọmọ rẹ̀ á máa jẹ ọkà látinú wá, ojú kò ní rí i, ìgbà tí ojú á fi rí i, ìdajì àpò ti di ìyẹ̀fun. Dókítà gba fíríìjì kan tó ti kú lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, nítorí pé ara fíríìjì nípọn, ariwo ìta kì í wọnú rẹ̀. Ó gbé àpò ọkà kéékèèké sínú rẹ̀, ó fi máìkì kékeré sáàárín ọkà, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, ó ń gbọ́ bí àwọn ọmọ kòkòrò ṣe ń jẹun. Ó gbọ́ wọn títí tó fi lè sọ, láti inú ìró nìkan, bóyá àpò kan ti bàjẹ́ tàbí kò tíì bàjẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó tú u. Àwọn tó ń tọ́jú ọkà pa mọ́ ti lò ó, wọ́n sì rí i pé òótọ́ ni.

"Ó dára gan-an," ni obìnrin náà wí. "Ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde lórí rẹ̀, orúkọ ọ̀gá yín ló ṣáájú, tiyín ló kẹ́yìn. Ta ló ṣe iṣẹ́ náà gan-an?"

"A jọ ṣe é ni, Mà."

"Ẹ jọ ṣe é."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Wọ́n tọ́ mi sọ́nà dáadáa."

Obìnrin náà wo ìwé kan níwájú rẹ̀. Ó ní òun béèrè nítorí lẹ́tà tí ọ̀gá rẹ̀ kọ. Ó kà á sókè: ọmọlúàbí ni, ó ní ìrẹ̀lẹ̀, ó ní sùúrù, ó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, ó ń gbìyànjú nídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ṣetán láti kọ́ sí i.

"Mi ò mọ bó ṣe rí níbi tí ẹ wà," ni ó wí. "Lọ́dọ̀ wa, tí ọ̀gá bá kọ irú èyí nípa ẹni tó ti gboyè ọ̀mọ̀wé, ohun tó ń sọ ni pé òun ò rí nǹkan mìíràn sọ. Gbogbo ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi yìí, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kò sí nípa rẹ̀ nínú lẹ́tà yìí. Kí ló fà á?"

Dókítà ló kọ lẹ́tà náà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: ọ̀jọ̀gbọ́n á ní ọwọ́ òun dí, pé kí ẹni tó fẹ́ lẹ́tà lọ kọ ọ́ wá, òun á fọwọ́ sí i. Ṣé ẹ̀yin náà á jókòó, kí ẹ mú bírò, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn ẹlòmíràn yin ara yín? Dókítà kò lè ṣe é. Ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ, ẹlòmíràn ló ń yin èèyàn, ẹni tí wọ́n ń yìn á dorí kodò. Ó kọ ohun tí àgbà kan tó fẹ́ràn rẹ̀ máa sọ nípa rẹ̀ níwájú ẹbí. Ó rò pé ìyẹn tó. Ọ̀jọ̀gbọ́n fọwọ́ sí i láìkà á.

Tó bá wá sọ fún obìnrin yìí pé òun lòun kọ ọ́, ọ̀gá rẹ̀ á di òpùrọ́, òun náà á sì di òpùrọ́. Ó dákẹ́.

Obìnrin náà dúró dè é, ó sì mí kanlẹ̀. "Ẹnìkan tún wà tó ń wá àyè yìí. Ọ̀gá rẹ̀ kọ̀wé pé òun kò rí irú rẹ̀ rí. Èmi fẹ́ràn iṣẹ́ yín ju tiẹ̀ lọ, àmọ́ èmi nìkan kọ́ ni mo máa pinnu. Ìgbìmọ̀ wa máa jókòó lọ́la, lẹ́tà ni wọ́n sì máa kà. Ẹ bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀. Tó bá lè kọ èyí tó sọ ohun tí ẹ ṣe, kó jẹ́ kó tẹ̀ mí lọ́wọ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ yẹn tó ṣú. Tí kò bá wọlé lónìí, kò sí ohun tí mo lè ṣe."

Nígbà tí Dókítà ṣílẹ̀kùn, ìyá àti ọmọ ti dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Kí ni wọ́n wí?" ni ọkọ rẹ̀ béèrè.

Ó sọ fún wọn. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní kó tún un sọ.

"Wọ́n ní o ní sùúrù, o ní ìrẹ̀lẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe ní àwọn ò fẹ́?"

"Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ ẹ, Màmá. Wọ́n ní kò tó."

"Kò tó báwo? Kí ni wọ́n tún fẹ́? Onísùúrù ló ń fún wàrà kìnnìún."

"Ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn ni mo fẹ́ rí," ni ọkọ rẹ̀ wí. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Gbogbo iṣẹ́ tí o ti ṣe fún un. Kí ló dé tó fi kọ irú ìyẹn nípa rẹ?"

"Òun kọ́ ló kọ ọ́."

"Ta ni?"

"Èmi ni. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ wá."

Ọkùnrin náà wò ó, ó wo ìyá rẹ̀, ó sì jókòó. Inú tó ń bí i sí ọ̀jọ̀gbọ́n kò rí ibi lọ mọ́, ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́ lù. "Mo pa ṣọ́ọ̀bù dé. Ẹlẹ́ja bú mi lójú gbogbo èèyàn. Wọ́n wá ní kí o ṣe ẹlẹ́rìí ara rẹ, o sì jẹ́rìí tako ara rẹ. Ìwé tí o kà yìí, ibo ló kọ́ ẹ ní ìyẹn?"

"Ìwé kọ́ ló kọ́ mi," ni Dókítà wí.

Ìyá ọkọ rẹ̀ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Dókítà pe Ọ̀jọ̀gbọ́n, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́. Fóònù dún títí, kò gbé e. Ó tún pè é. Nígbà tó gbé e, nǹkan wà lẹ́nu rẹ̀ tó ń jẹ.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà, lẹ́tà yẹn ni. Wọ́n ní kò sọ nǹkan nípa iṣẹ́ tí mo ṣe. Wọ́n fẹ́ òmíràn kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí."

"Ṣé ìwọ kọ́ lo kọ ọ́ ni?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣé o rí i? Ohun tí o gbé wá ni mo fọwọ́ sí. Kọ òmíràn, fi ránṣẹ́, mo máa fọwọ́ sí i." Ó gbé nǹkan mì. "Ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi yẹn ńkọ́? Ṣé o ti máàkì wọn tán?"

"Ó ku díẹ̀, sà."

"Ọ̀la ni mo fẹ́ ẹ o. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè. O mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ó mọ̀ ọ́n. Ó ti ń ti ọwọ́ bọ kèrègbè fún Ọ̀jọ̀gbọ́n láti ìgbà tó ti gboyè: ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní kíláàsì, ó ń máàkì ìwé wọn, kò gba kọ́bọ̀. Pẹpẹ ló kù tí ẹnikẹ́ni kò tíì nawọ́ sí fún un.

Ó jókòó sídìí tábìlì. Ó kọ ìlà kan, ó pa á rẹ́. Ó kọ òmíràn, ojú tì í bíi pé ẹnìkan ń wò ó, ó pa á rẹ́. Nígbà tó sú u, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí ọkọ rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ ti ń ṣa ẹ̀wà sínú ìkòkò láìbá ara wọn sọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni ó wí, "ẹ bá mi sọ ọ́. Kí ni mo mọ̀ ọ́n ṣe? Tí wọ́n bá bi yín pé irú èèyàn wo ni mí, kí lẹ máa sọ?"

Wọ́n wo ara wọn. Ọkọ rẹ̀ mọ̀ pé òun ti sọ̀rọ̀ tó dunni, ó fẹ́ tún un ṣe.

"Ó ní ìfaradà," ni ó wí. "Mi ò rí obìnrin tó ní ìfaradà tó ẹ rí. Ohun gbogbo tí ojú wa ti rí, o ò ráhùn rí."

Dókítà dúró.

"Kò gbó mi lẹ́nu rí," ni ìyá ọkọ rẹ̀ fi kún un. Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn, omi fẹ́ yọ lójú rẹ̀. "Ká ní mo bímọ obìnrin, bóyá kò ní tọ́jú mi tó bẹ́ẹ̀. Ìwé tó kà ò gùn ún lórí. Tí mo bá ní kó jókòó, á jókòó. Kọ ìyẹn sí i, ìyàwó mi. Sọ pé ìyá ọkọ rẹ ló wí bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ṣé, Màmá."

"Ṣé ìyẹn á tó?"

"Ó tó, Màmá. Ẹ ṣé gan-an."

Ó padà sí yàrá. Ó kọ́kọ́ fẹ́ sunkún, ẹkún kò wá. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, kò ṣiyèméjì nípa ìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ilé, kò sí ẹnìkan tó mọ ohun tó ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́ yàtọ̀ sí pé ó ń ṣe é pẹ̀lú sùúrù. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Ẹnìkan ṣoṣo ló yẹ kó mọ̀ ọ́n, ẹni yẹn sì ń jẹun lórí fóònù.

Fíríìjì tó ti kú náà wà ní igun yàrá. Ó fi ẹ̀rọ àfigbọ́ràn sétí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbọ́ wọn. Ìró náà kéré, ó ń dún ó ń dáwọ́ dúró, ó sì mọ̀ láìwo ibì kankan pé àpò òsì ti gbó ju tọ̀tún lọ, pé àwọn tó wà níbẹ̀ kò ní pẹ́ jáde. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ ìyẹn. Kì í ṣe ìgbéraga, bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Ó yọ ẹ̀rọ náà kúrò létí, ó lọ sídìí tábìlì, ó sì kọ lẹ́tà náà.

Kò fi ìyìn kankan sí i. Ó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Òun ló ronú kan fíríìjì. Òun ló so máìkì mọ́ ọn, òun ló gbọ́ ìró náà ní gbogbo oṣù tó fi gbọ́ ọ, òun ló ṣírò rẹ̀, òun ló kọ ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde láti ìlà àkọ́kọ́ títí dé òpin. Ó kọ iye àpò tó dán an wò lórí rẹ̀ àti iye tó ṣì í sọ, tí kò pọ̀. Bó ti ń kọ ọ́ ni ẹnu ń yà á. Kò tíì rí gbogbo rẹ̀ níbi kan náà rí.

Ó fi ránṣẹ́ sí Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó rò pé àmì ìfọwọ́sí á kàn padà wá. Ṣùgbọ́n fóònù ló dún.

"Kí lèyí?" ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. Kò jẹ nǹkan kan lẹ́nu báyìí.

"Lẹ́tà náà ni, sà."

"Mo rí i pé lẹ́tà ni. Mo ti kà á. Ìwọ ló ronú kan fíríìjì, ìwọ ló kọ ìwé. Èmi wá ńkọ́? Kí ni èmi ṣe?"

Ó jẹ́ ìbéèrè tó rọrùn láti dáhùn. Dókítà wá ìdáhùn mìíràn, kò rí i.

"Orúkọ mi ló ṣáájú lórí ìwé yẹn," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ń bá a lọ. "Tí mo bá fọwọ́ sí èyí, kí ni àwọn èèyàn yẹn á máa fojú wò mí sí? Dín in kù. Sọ pé o kópa níbẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ yẹn gan-an, kò burú. Mo tún padà kà á nísinsìnyí. Ó jọ ẹ."

"Sà, wọ́n ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn ò ní mú mi."

"Tí wọn ò bá mú ẹ, ṣé mo lé ẹ ni? Iṣẹ́ wà lọ́dọ̀ mi. Ìwọ dín in kù, mo máa fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Tí o kò bá dín in kù, má fi orúkọ mi sí i. Má sì gbàgbé ìwé ìdánwò yẹn."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ìta ti ń tutù, oòrùn ti kúrò lójú fèrèsé. Lókè, aránṣọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ rán aṣọ, àwọn ọmọ ń padà láti ibi eré. Dókítà jókòó, ó wo lẹ́tà méjèèjì lójú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Gbogbo èèyàn ló mọ òwe yẹn, bẹ́ẹ̀ wọ́n sì ń tọ́ ọmọbìnrin pé kó dákẹ́.

Tó bá dín in kù, àyè náà ti lọ, Ọ̀jọ̀gbọ́n á sì wà níbẹ̀ fún un lọ́la, lọ́dún tó ń bọ̀, àti lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Tí kò bá dín in kù, kò ní ọ̀gá kankan mọ́, ti àtijọ́ tàbí tuntun. Ẹ̀rù bà á gidi. Ó wo ilẹ̀kùn yàrá bóyá ẹnìkan á wọlé wá bi í ní nǹkan. Kò sẹ́ni tó wọlé.

Ó kọ̀wé sí obìnrin náà. Ó kọ ọ́ ní kúkúrú:

"Lẹ́tà àkọ́kọ́ tó wà lọ́wọ́ yín, èmi ni mo kọ ọ́. Ọ̀gá mi fọwọ́ sí i, kò kà á. Èyí tí mo fi ránṣẹ́ nísinsìnyí, èmi náà ni mo kọ ọ́. Ó kà á, kò fọwọ́ sí i. Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ni mo ṣe. Nígbà tí ẹ bi mí lónìí pé ta ló ṣe iṣẹ́ náà, mo ní a jọ ṣe é. A ò jọ ṣe é."

Ó fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ kí ọkàn rẹ̀ tó yí padà.

Nígbà tó jáde, ẹ̀wà ti jinná. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti bu ti Dókítà sọ́tọ̀, ó fi àwo dé e. Ọkọ rẹ̀ ń jẹ tiẹ̀ ní ìdúró. Wọ́n jọ gbójú sókè.

"Ṣé wọ́n ti fi lẹ́tà ránṣẹ́?" ni ọkọ rẹ̀ béèrè.

"Ó ti lọ."

"Ọlọ́run ṣeun. Mo mọ̀ pé Ọ̀jọ̀gbọ́n ò ní ṣe ẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Ọ̀jọ̀gbọ́n ò fọwọ́ sí i. Ó ní kí n má fi orúkọ òun sí i."

Ọkùnrin náà gbé ṣíbí dúró. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Orúkọ àgbà wo ló wá wà níbẹ̀?"

"Kò sí, Màmá."

"Gbogbo àwọn tó kọ́ ẹ níwèé ńkọ́? Kò sí ẹnìkan tó dúró lẹ́yìn rẹ? Ta ló jẹ́rìí rẹ?"

Dókítà gbé àwo kúrò lórí oúnjẹ rẹ̀, ó sì jókòó.

"Èmi nìkan," ni ó wí.